Sísàn Kì Í Ṣe Kíkọ́fẹ

Ẹ̀yin olóyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé ka iwájú yín ní oṣù yìí kì í ṣe ti oyè, kì í sì í ṣe ti ààlà ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ èémí ni. Bí ènìyàn bá rin òpópónà Bajulaiye ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nígbà ọyẹ́, láti ìhà Ṣómólú títí dé ìhà Bárígà, ikọ́ ni yóò kọ́ gbọ́ láti ojúlé dé ojúlé kí ó tó gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí a bá sì bi ẹlòmíràn nínú àwọn tí ń wúkọ́ náà léèrè, yóò dáhùn pé, "Ara mi ti yá o, ikọ́ lásán ni ó kù." Ọ̀rọ̀ "lásán" tí ó wà nínú ìdáhùn yìí ni a fẹ́ bá jà.

Àwọn baba wa kò ka sísàn àti kíkọ́fẹ sí ohun kan náà. Bí ibà bá lọ tí orí fífọ́ sì dáwọ́ dúró, wọn a ní àìsàn náà ti sàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sàn lánàá lè má tíì kọ́fẹ lónìí: ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, oúnjẹ kò tíì dùn lẹ́nu rẹ̀, bí ó bá sì sọ̀rọ̀ díẹ̀, a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kíkọ́fẹ ni pé kí agbára padà sí ara bí ó ti wà kí àìsàn tó dé. Ọ̀rọ̀ méjì ni, nítorí pé ìpele méjì ni. Èdè tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ní ọgbọ́n tí ó ju èyí tí àwa ọmọ rẹ̀ ń lò lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lẹ́nu wa. "Ó ti yá" nìkan ni a mọ̀ nísinsìnyí; lẹ́yìn "ó ti yá", ibi iṣẹ́ ni ó kàn, tàbí ilé ìjọsìn fún ìdúpẹ́, tàbí òde ìnáwó níbi tí a óò ti fi aláìsàn àná jókòó sí orí àga gíga láti ṣe alága.

Kí ni ó ń fa ikọ́ tí ó ń kù yìí? Nínú ọ̀nà èémí ènìyàn, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó tẹ́ inú rẹ̀. Irun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ni ó hù sórí awọ náà. Iṣẹ́ irun yìí ni láti máa gbá eruku àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sókè kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ti ń gbá àgbàlá ní òwúrọ̀. Nígbà tí kòkòrò àìfojúrí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní fáírọ́ọ̀sì bá wọlé, awọ yìí ni ó máa ń bàjẹ́. Ara lè borí kòkòrò náà láàárín ọjọ́ bí mélòó kan, ṣùgbọ́n awọ tí ó ti bó kò lè hù padà ní òòjọ́. Títí yóò fi hù, ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ wà ní ìhòòhò. Afẹ́fẹ́ tútù, òórùn ata tí a ń dín, ẹ̀rín, àní ọ̀rọ̀ sísọ pàápàá, a máa ta á jí, ikọ́ a sì dé. Ogun ti parí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun gbà kọjá kò tíì ní àtúnṣe.

Àwọn oníṣègùn a máa pín ikọ́ àgbàlagbà sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí kò pé ọ̀sẹ̀ 3, èyí tí ó wà láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 8, àti èyí tí ó ré kọjá ọ̀sẹ̀ 8. Èyí tí ó ń tẹ̀lé ọ̀fìnkìn líle tàbí inflúẹ́ńsà sábà máa ń wà nínú ìpín kejì, a sì máa lọ fúnra rẹ̀ bí a kò bá ṣe é níṣekúṣe. Àwọn olùwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 2013. Wọ́n bi àwọn ènìyàn léèrè iye ọjọ́ tí wọ́n rò pé ikọ́ ọ̀fìnkìn yóò gbà. Èyí tí ó pọ̀ jù ní ọjọ́ 7 sí 9. Nígbà tí wọ́n wo ohun tí àwọn oníṣègùn ti kọ sílẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ 18 ni ikọ́ náà ń gbà ní tòótọ́. Ẹ wo àlàfo tí ó wà láàárín ìrètí àti òtítọ́! Nínú àlàfo náà ni ẹni tí ń ta oògùn apakòkòrò ti ń jẹun, nítorí pé ní ọjọ́ kẹwàá, ẹni tí ń wúkọ́ yóò sáré lọ ra oògùn tí kò lè pa fáírọ́ọ̀sì kankan, yóò lò ó fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ikọ́ yóò sì lọ ní àkókò tí ì bá lọ tẹ́lẹ̀, oògùn ni yóò sì gba ọpẹ́.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ikọ́ tí ó ń kù, a kò lè ṣàìdárúkọ àrùn Kòrónà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, lára ará Ítálì kan tí ó gba Èkó wọlé. Ilé ìwòsàn àwọn àrùn tí ń ràn ní Yaba, tí kò jìnnà sí àdúgbò wa yìí rárá, ni a ti tọ́jú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ìjọba àpapọ̀ sé ìpínlẹ̀ Èkó, ìpínlẹ̀ Ògùn àti Abuja mọ́. Gbogbo wa ni a rántí ìròyìn alaalẹ́ ìgbà náà: iye ẹni tí àrùn mú, iye ẹni tí ó kú, àti iye ẹni tí a dá sílẹ̀ lọ sílé. Ìpín mẹ́ta péré ni. Kò sí ìpín kẹrin fún àwọn tí a dá sílẹ̀ lọ sílé ṣùgbọ́n tí wọn kò lè gun àkàsọ̀ dé àjà kejì láìjókòó sinmi ní ìdajì ọ̀nà.

Àwọn oníṣègùn kan ní Èkó fẹ́ mọ ìpín kẹrin náà, wọ́n sì tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2021. Nínú ènìyàn 274 tí àrùn náà ti mú tí a sì ti tọ́jú, nǹkan bí 41 nínú 100 ni ohun kan tàbí òmíràn ṣì ń ṣe. Kí ó tètè máa rẹni, orí fífọ́ àti àyà dídùn ni ó gba iwájú. A kò gbọdọ̀ fẹ ọ̀rọ̀ náà ju bí ó ti mọ lọ: kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ènìyàn náà kúrò lábẹ́ ìtọ́jú nígbà tí a bi wọ́n léèrè, kì í sì í ṣe èémí ni gbogbo ohun tí wọ́n kà. Síbẹ̀, ìwádìí tí a ṣe ní ìlú wa, lára àwọn ènìyàn wa, nìyẹn. Kò sì sí ẹni tí ó lè sọ mọ́ pé àìsàn àwọn òyìnbó ni.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìtumọ̀ àrùn tí ń tẹ̀lé Kòrónà yìí: ohun tí ó bá ṣì ń ṣe ènìyàn ní nǹkan bí oṣù 3 lẹ́yìn tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀, tí ó sì ti wà fún oṣù 2 ó kéré tán, tí kò sì sí àrùn mìíràn tí ó lè ṣàlàyé rẹ̀. Mímí hẹlẹ àti àárẹ̀ wà lára àwọn àmì tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àjọ náà tó sọ̀rọ̀, àwọn aláìsàn ti sọ ọ́ ná. Arábìnrin Elisa Perego, ará Ítálì, onímọ̀ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí àrùn náà mú òun fúnra rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ kọ orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é lónìí, "Long Covid", ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Kì í ṣe oníṣègùn. Ẹni tí bàtà ń ta ni ó sọ ibi tí ó ti ń ta á.

Àwa Yorùbá kò ní láti yá orúkọ yẹn lò. Àìkọ́fẹ ni ó ń jẹ́. Ẹni tí Kòrónà fi sílẹ̀ tí kò sì kọ́fẹ, àìkọ́fẹ Kòrónà ni ó ń ṣe é. Ẹni tí inflúẹ́ńsà fi sílẹ̀ tí ikọ́ kò sì fi í sílẹ̀, àìkọ́fẹ inflúẹ́ńsà ni. Ohun tí a bá lè dárúkọ ni a lè tọrọ àyè fún. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé "ó rẹ̀ mí" yóò gbọ́ pé ọ̀lẹ ni. Èyí tí ó bá lè wí pé "mo ti sàn, ṣùgbọ́n n kò tíì kọ́fẹ" ti sọ ohun tí àgbàlagbà kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀ràn tuntun ni èyí, kí ó ronú padà sí ọdún 1918. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni inflúẹ́ńsà bá ọkọ̀ ojú omi wọ èbúté Èkó, tí ó sì bá ojú irin wọ inú ilẹ̀ lọ. Nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ìṣirò tí a sábà ń tọ́ka sí sọ pé ó pa ní Nàìjíríà. Iye àwọn òkú yìí ni àwọn ìwé ń sọ. Ta ni ó ń sọ ti àwọn tí kò kú? Ní ọdún 1981, onímọ̀ ìtàn Don Ohadike kọ ọ́ pé àjàkálẹ̀ náà wà lára ohun tí ó mú kí ẹ̀gẹ́ gbilẹ̀ ní ìhà ìsàlẹ̀ Odò Ọya, nítorí pé ọwọ́ tí yóò kọ ebè iṣu kò tó mọ́, ẹ̀gẹ́ kò sì béèrè wàhálà tó iṣu. Àwa ń fi tiwa kún un: oko kò mọ̀ bóyá olóko ti sàn, ohun tí ó mọ̀ ni bóyá olóko lè gbé ọkọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Bajulaiye. Ìtẹ̀wé ni a mọ Ṣómólú mọ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ mú ọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ wá sí ọkàn yín, ẹni ogójì ọdún, tí ibà àti ikọ́ dá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó dìde, ó wẹ̀, ó jẹun, wọ́n ní ó ti yá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ti wà nídìí ẹ̀rọ. Ilé iṣẹ́ náà kéré, fèrèsé rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń fọ yíǹkì kúrò lára ẹ̀rọ. Eruku bébà tí a gé wà lójú afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ amúnáwá ń bú ramúramù lẹ́nu ọ̀nà, èéfín rẹ̀ sì ń gba fèrèsé kan ṣoṣo náà wọlé. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ará ilé kejì a dáná sun pàǹtírí. Ní ìhà ọ̀sà ní Bárígà, èéfín ẹja yíyan a tún bá afẹ́fẹ́ wá. Awọ inú ọ̀nà èémí ọkùnrin yìí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ìgbà wo ni yóò hù tán? Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọkùnrin yìí yóò wúkọ́ fún oṣù mẹ́ta, yóò ná owó rẹ̀ sórí omi oògùn ikọ́ oríṣiríṣi, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ fún un pé fèrèsé ni kí ó kọ́kọ́ ná owó náà lé lórí.

Nípa omi oògùn ikọ́, ìrántí kan tó: ní ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe àti kíkó wọlé èyí tí ó ní kodéìnì nínú, nítorí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi í ṣe. Ẹni tí ó bá ṣì ń rí i rà ní kọ̀rọ̀ kò ra oògùn. Oyin nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ a máa tu ọ̀fun lára, kò sì ní ìpalára fún àgbàlagbà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ni a kò gbọdọ̀ fún ní oyin rárá. Ẹni tí orógbó bá tù lára, kí ó jẹ orógbó rẹ̀, àwa kò bá a jà. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí ó fi orógbó rọ́pò àyẹ̀wò.

Àyẹ̀wò wo? Èyí ni ó mú wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Nàìjíríà ni ikọ́ ife pọ̀ sí jù ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ìlànà tí a sì fi lélẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí ni pé ẹni tí ó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 kí ó lọ fún àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Olùkàwé tí ó bá lójú inú yóò bi wá pé: ẹ ti sọ pé ikọ́ tí ó ń tẹ̀lé ọ̀fìnkìn lè tó ọ̀sẹ̀ 8 láìsí ewu, báwo ni ẹ tún ṣe ń rán wa lọ fún àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ kejì? Kò sí ìtakora níbẹ̀. Ní ìlú tí ikọ́ ife kò ti wọ́pọ̀, ènìyàn lè jókòó sílé kí ó máa retí. Ní ilé alájàpọ̀ ní Ṣómólú, níbi tí ẹbí mẹ́wàá tàbí méjìlá ti ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ẹni tí ó bá jókòó tí ó ń retí ń fi ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́. Etí kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ikọ́ méjèèjì. Àyẹ̀wò ni ó lè mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ àìkọ́fẹ lásán ni, ọkàn onítọ̀hún yóò balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ikọ́ ife, oṣù 6 ni ìtọ́jú rẹ̀ sábà máa ń gbà, ọ̀fẹ́ sì ni ní àwọn ibùdó ìtọ́jú ìjọba, a sì máa san pátápátá bí aláìsàn kò bá fi oògùn sílẹ̀ ní àárín ọ̀nà. A kì í fi ètè sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá.

Ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Nígbà Kòrónà, ẹni tí ó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ọkọ̀ danfo, àyè a gbà á lójijì. Àwọn tí ó fún mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì a sún títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú fèrèsé jáde. A lè fi í rẹ́rìn-ín lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí kọ́ láti máa gbé ikọ́ mì, àti láti máa sọ pé kò sí ohun tí ó ń ṣe òun. Ibi tí olóyè ti wúlò nìyí. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì bá sọ, wọn yóò ní òyìnbó ni ó kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí olóyè bá sọ ní gbangba, pé òun náà wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé òun lọ fún àyẹ̀wò, pé kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀, yóò wọ inú ilé tí nọ́ọ̀sì kò lè wọ̀.

A sì tún ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin olóyè fúnra yín, ẹ̀yin tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Irú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà, lisinopril àti ramipril wà lára wọn, tí ó máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan tí ń lò ó. Baba lè ti máa rò pé ikọ́ Kòrónà ni ó kù lọ́fun òun, nígbà tí ó jẹ́ pé oògùn òwúrọ̀ ni. Kí ó má ṣe dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀ o! Kí ó lọ bi oníṣègùn tí ó fún un, nítorí pé irú mìíràn wà tí a lè fi rọ́pò rẹ̀. Bákan náà ni àsímà àti omi kíkan inú ikùn tí ń ru sókè sí ọ̀fun a máa fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ ikọ́ tí ó kù.

Àwọn àmì mìíràn wà tí kò gba sùúrù ọjọ́ kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bí ibà bá padà dé lẹ́yìn tí ó ti lọ. Bí ènìyàn bá ń rù tàbí tí òógùn ń bò ó ní òru. Bí èémí bá ń há nígbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́. Bí àyà bá ń dùn ún tí ẹsẹ̀ kan sì wú, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ dídì lè ti ẹsẹ̀ lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni mìíràn.

Fún àwọn yòókù, tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé àìkọ́fẹ ni, ìtọ́jú wọn kò ní idán nínú. Kí wọ́n sá fún èéfín, kí wọ́n jáwọ́ nínú sìgá, kí wọ́n máa gba imú mí dípò ẹnu. Bí èémí bá ń sá wọn, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí wọ́n gbé apá lé orí tábìlì, kí wọ́n sì máa fẹ́ atẹ́gùn jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń fẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná. Kí wọ́n máa rìn lójoojúmọ́, kí wọ́n sì máa fi díẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ òní bá dá wọn dùbúlẹ̀ lọ́la, iṣẹ́ òní ti pọ̀ jù nìyẹn, kí wọ́n dín in kù. Ìsinmi tí a ń wí kì í ṣe oorun ọ̀sán àti òru.

A mọ ohun tí ẹnìkan yóò wí. Yóò wí pé tálákà kò ní àyè fún gbogbo èyí. Ẹni tí ń jẹ iṣẹ́ òòjọ́, bí kò bá ṣe iṣẹ́ lónìí, kò ní jẹun lónìí. Òtítọ́ ni, a kò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ṣùgbọ́n ta ni ó wí pé àwọn baba wa jẹ́ ọlọ́rọ̀? Àgbẹ̀ ni wọ́n, ẹni tí kò bá sì ro oko rẹ̀ kò ní kórè. Síbẹ̀ wọ́n ní àáró, wọ́n ní ọ̀wẹ̀, tí koríko oko ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò fi ní borí iṣu rẹ̀. Abiyamọ pàápàá, tálákà ìbáà jẹ́, ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń bọ́ ọ, tí wọn kò jẹ́ kí ó gbé ẹrù. Kò sì sí ẹni tí ó pè é ní ọ̀lẹ, nítorí pé gbogbo ìlú ni ó gbà pé ara tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́fẹ. Ní ilé ìwòsàn àwọn eléegun ní Ìgbóbì, lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú níbí, ẹ lè rí ọkùnrin tí a fi ìsán funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá wo ni yóò ní kí ó wá gbé rírìmù bébà? Ẹ̀dọ̀fóró kò ní ìsán funfun tí ènìyàn lè fi han ọ̀gá rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò kọjá agbára àwọn tí ń ka ìwé yìí. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ti àìsàn èémí dìde ṣe iṣẹ́ ìjókòó, kíka ojú ewé tàbí dídi ìwé, fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí ó tó padà sí ìdí yíǹkì àti bẹntiróòlù. Iṣẹ́ tí ó bá ṣe ní ìjókòó sàn ju èyí tí kò ní lè ṣe ní oṣù mẹ́ta lọ. Ẹ̀yin onílé, ẹ wo ibi tí èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ayálégbé yín ń gbà, kí ẹ sì ní kí wọ́n yí ẹnu rẹ̀ kúrò ní fèrèsé aládùúgbò. Ẹ̀yin tí ń darí àjọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ yọ owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ń kọ́fẹ, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń yọ ọ́ fún ìsìnkú. Ó yà wá lẹ́nu pé owó tí a ń ná fún òkú ti ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀, tí ti alààyè kò sì ní. Ẹ̀yin tí ń ṣe ètò òde, ẹ jẹ́ kí ìdúpẹ́ dúró títí ẹni tí a ń tìtorí rẹ̀ dúpẹ́ yóò fi lè jó.

Ní ti ẹgbẹ́ wa yìí, owó ìtanràn ń bẹ fún ọmọ ẹgbẹ́ tí kò bá wá sí ìpàdé, ẹni tí ó ṣàìsàn nìkan ni òfin yọ sílẹ̀. A óò gbé àbá kan ka iwájú ìpàdé tí ń bọ̀, pé kí a kọ "tàbí tí kò tíì kọ́fẹ" kún òfin náà, kí ó sì jẹ́ pé ẹnu onítọ̀hún ni a óò ti gbọ́ ọjọ́ tí ó kọ́fẹ.